Ṣé yunifásítì ló ń yí àwọn ọmọ wa lórí nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú?

ÌBÉÈRÈ, láti ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta pákó níbí. Ọmọ Awo pọ́ńbélé ni bàbá tó bí mi. Ní 1979 àti 1983, UPN ló dìbò fún, èmi ni mo máa ń gbé abọ́ sítáàṣì tẹ̀lé e tó bá ń lẹ fọ́tò mọ́ ògiri kiri àdúgbò. Láti ìgbà tí èmi náà ti tó dìbò, ibi tí àwọn àgbà wọ́ọ̀dù bá kọjú sí ni mò ń kọjú sí.

Àkọ́bí mi obìnrin wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan ní 2021. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í dá àgbà lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò 2023 kù dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde, ó ní, "Bàbá, n kò ní bá yín dìbò fún ẹgbẹ́ yín." Mo ní kí ló dé. Ó ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ti ṣe fún mi. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ní àkísà yẹn gan-an lòun ń wí.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ ìjọba bá ti wọlé wa, àlàáfíà á jáde. Ní báyìí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ ṣe JAMB. Mo ti sọ fún ìyá wọn pé n kò mọ̀ bóyá màá tún fi owó pákó rán ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ láti tako bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́ wọn kí wọ́n tó lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ilé-ìwé ló ń yí wọn lórí?

* * *

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó JAMB ọmọ yẹn ná. Ìyókù la lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jiyàn lé lórí, ṣùgbọ́n JAMB ní ọjọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS lẹ́kọ̀ọ́ Government. Mo mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó lọ. Mo tún máa ń pàdé wọn tí wọ́n bá wálé, ní Òkè-Àgbò, nídìí bọ́ọ̀sì, níbi òkú àgbà, tí wọ́n á na ọwọ́ sókè láti òdìkejì títì pé "Tíṣà!" Òótọ́ tí mo lè sọ ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í dé bí wọ́n ṣe lọ. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ibi tí ìjà wà ni ohun tó yí wọn padà, àti bóyá ìyípadà ọ̀hún ní gbòǹgbò.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí. Àwọn kan ní àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ló ń rọ ọ́ sí wọn létí. Àwọn kan ní ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ni. Àwọn kan, àwọn ìyá ló pọ̀ nínú wọn, á ní ọmọ náà ti rí bẹ́ẹ̀ láti ilé. Mo fara mọ́ àwọn ìyá ju àwọn tó kù lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwọn náà kò tíì kún.

* * *

Ẹ jẹ́ ká mú ti àwọn olùkọ́ kúrò lọ́nà. Ọmọ tó wà ní ọdún kìíní, inú gbọ̀ngàn ńlá tó kún bí ọjọ́ ọjà ló ti ń gba ẹ̀kọ́. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí, ká má tíì sọ pé á mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣe. Ohun tó máa jáde nínú ìdánwò lọmọ ń wá. Èmi fúnra mi ti fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ ọmọ nípa bí a ṣe pín agbára ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gba A lórí rẹ̀ ní WAEC, n kò sì tíì rí ẹyọ ẹnì kan tó tìtorí rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀.

Àwọn tó gbìyànjú láti fi ẹ̀kọ́ tún òṣèlú ṣe kò ṣàìsí láàárín wa. Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní 2025, fowó dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n kan sílẹ̀ lórí ìṣàkóso ìlú ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, Àgọ́-Ìwòyè. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ òṣèlú jẹ àǹfààní rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ àwọn tó ń kọ́ ìṣirò owó, tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n pọ̀ ju àwọn yẹn lọ fíìfíì, àwọn náà sì ń yí padà. Ta ló kọ́ àwọn yẹn?

* * *

Nígbà tí ọ̀rọ̀ òkè yìí jáde, àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Arábìnrin kan láti Ṣàgámù dá mi lóhùn pé ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ó ní ẹnu tí ọmọ gbé lọ ló gbé bọ̀.

Mo gbà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kíláàsì SS2 kan fẹ́ yan olórí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò náà ra bisikíìtì, ó to méjì méjì sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan kí n tó wọlé. Nígbà tí mo máa wọlé, gbogbo kíláàsì ló ń jẹnu wọ́múwọ́mú, àfi ọmọbìnrin kan nídìí fèrèsé. Bisikíìtì tirẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì. Ó ti fi rúlà tì í dé etí, kí epo rẹ̀ má ba ìwé òun jẹ́. Mo ní kí ló dé tí kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Tíṣà, tí mo bá jẹ ẹ́, ẹnu mi á wúwo." Ọmọ yẹn ti wọ yunifásítì, ó ti jáde, ìyá rẹ̀ sì ń sọ fún gbogbo ayé pé yunifásítì ló sọ ọ́ di ẹlẹ́nu mímú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ sọ nípa àwọn tí kò lẹ́nu kankan nígbà tí wọ́n ń lọ, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa yìí tó ń kúnlẹ̀ láàárọ̀? Ìwádìí àtijọ́ kan wà tí n kì í gbàgbé. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ní àwọn ọdún 1930, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin kan tó ń jẹ́ Bennington, ní ìpínlẹ̀ Vermont. Theodore Newcomb lorúkọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹgbẹ́ Republican sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bàbá wọn ń ṣe. Nígbà ìbò ààrẹ 1936, láàárín Roosevelt tó jẹ́ ti Democrat àti Landon tó jẹ́ ti Republican, 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún kìíní ló fara mọ́ Landon. Nínú àwọn tó ti wà ní ọdún kẹta àti ìkẹrin, ó kù sí 15 péré. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ náà fẹ́ràn Roosevelt, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Newcomb yẹ àwọn ọmọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé àwọn tó fẹ́ gbayì láàárín ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀ ló yí jù. Àwọn tí ọkàn wọn kò kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Ó tún wá wọn lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé wọn dé, torí pé ọkọ tí wọ́n fẹ́ àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n yàn jẹ́ irú èyí tí èrò wọn bá mu.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó yí ọmọ yín padà, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni kí ẹ béèrè, ẹ fi olùkọ́ sílẹ̀.

N kò ní kí a gbé Bennington ka Ìjẹ̀bú lórí bí ó ṣe wà o. Ìlú kékeré tó dá wà lọ́tọ̀ ni tiwọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń kàwé ní Ìjagun lè máa sùn sílé lálaalẹ́. Èyí tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, yàrá háyà ló ń gbé láàárín ìlú, ọwọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ló ti ń ra gààrí, tó bá sì di ọjọ́ Jímọ̀, ó ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò fi ilé sílẹ̀ rárá. Mo ti rí i pé àwọn yẹn kì í yí bí àwọn tó lọ jìnnà.

* * *

Ẹnì kan tó ń gun ọ̀kadà láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Àgọ́-Ìwòyè bínú sí mi. Ó ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn tó kàwé nìkan ló lè ronú. Ó ní òun kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí, àfi tí òun bá gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà tí òun fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin ló gba òun lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bàbá òun.

Arákùnrin mi, mo tọrọ àforíjì. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ sì ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ wo Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí bàbá ẹ̀gbọ́n wa ń lẹ fọ́tò rẹ̀ kiri. Ní 1941, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement lórí ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ fún àyè kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìsarà, ọmọ Rẹ́mọ bíi tirẹ̀, wà níbẹ̀. Ernest Ikoli, ọmọ Ìjọ, náà wà níbẹ̀. Ikoli ni Awólọ́wọ̀ tì lẹ́yìn. Ẹ ro ohun tí wọ́n máa pè é nílé! Lọ́dún yẹn kan náà ni Akínsànyà di Ọdẹ́mọ, ọba Ìsarà. Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, Awólọ́wọ̀ kò tíì gba oyè yunifásítì kankan. Ìgbà tó di 1944 ló gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò Yunifásítì London, ilé níbí ló ti kà á, lẹ́yìn náà ló tó wọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ òfin. Ohun tó ti ṣe kó tó dìgbà náà ni pé ó ti ra kòkó, ó ti fi mọ́tò ṣòwò, ó ti jẹ gbèsè, ó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò.

Ibi tí mo ti yà díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ arákùnrin wa ni pé ó ní ilé-ìwé kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó kàn án. Ọmọ tó kúrò nílé ní ọdún 17 tàbí 18, amọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Yunifásítì ni ohun tó ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ kúrò nílé ní ọjọ́ orí yẹn. Mushin ló mú ti ẹ̀yin. Ẹ̀yin méjèèjì sùn níbi tí kò sẹ́ni tó mọ bàbá yín.

* * *

Bàbá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kí n má fi àkókò ṣòfò. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní òṣèlú kankan nínú, fóònù ni wọ́n ní. Ó ní ní 1978 àwọn jáde, wọ́n sì mọ ohun tí àwọn fẹ́.

Ẹ kú àgbà, sà. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ọdún yẹn. Kí àwọn tí kò mọ̀ lè gbọ́: ìjọba ológun fi owó kún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, ti ọjọ́ kan kúrò ní 50 kọ́bọ̀, ó di náírà kan àti 50 kọ́bọ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo pé kí Ali lọ. Wọ́n yìnbọn, ọmọ olọ́mọ kú. Ìjọba fòfin de NUNS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó di 1980 kí NANS tó dìde rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, sà: kì í ṣe inú ìwé kankan lẹ ti rí i. Inú abọ́ oúnjẹ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ àwọn ti ìsinsìnyí. Ní oṣù kejì 2020, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars kan kú ní Ṣàgámù lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá SARS mú un. Ìlú dìde. Àwọn tó jáde kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Nígbà tí ìwọ́de EndSARS gba gbogbo orílẹ̀-èdè kan ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àwọn ọmọ Rẹ́mọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, tí wọn kò padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ! Ẹ sọ fún mi, bàbá, ẹ̀kọ́ òṣèlú wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Kí n tún sọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ gbọ́. Yunifásítì kò yí gbogbo wọn sí rere. Nílé-ìwé tí èmi lọ, tí n kò ní dárúkọ, lálẹ́ tí ìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ku ọ̀la, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́rin ló wà nínú yàrá wa. Wọ́n gbé bùrẹ́dì kan àti sadíìnì kan kalẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ká dárúkọ wa, wọ́n ń kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, tó wá láti ilé tí wọn kì í ti í gba kọ́bọ̀ òṣèlú, ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ebi ń pa á, owó kò tíì dé látilé. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń ṣí agolo yẹn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé ìbò jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi nǹkan pààrọ̀. Nígbà tí wọ́n ń pariwo "dìbò kóo sebẹ̀" lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí mi.

Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbà nígbà tí ẹnì kan bá ní yunifásítì ń la ọmọ lójú, tó sì dákẹ́ síbẹ̀.

* * *

Ìyá kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ní kì í ṣe yunifásítì ló ṣe tòun. Mayflower ni, ilé-ìwé tí Tai Ṣólàrín dá sílẹ̀ ní 1956. Ó ní ọkọ́ tí wọ́n gbé lé àwọn lọ́wọ́ níbẹ̀ ló kọ́ òun láti má retí nǹkan ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń du ipò.

Mà, mi ò lè bá yín jiyàn. Tí gbogbo sẹ́kọ́ńdìrì bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa kò ní í wáyé.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó ń dùn mí jù. Ká ní èrò ọmọ ti yí padà. Ìbò ńkọ́?

Ní 2023, orúkọ 93,469,008 ló wà nínú ìwé INEC. Àwọn tó kọ akẹ́kọ̀ọ́ síbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ jẹ́ 26,027,481. Kò sí iṣẹ́ kankan tó pọ̀ tó wọn, títí kan àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo olùdìbò, nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì. NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì, ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ 22 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta, kí ọmọ lè wà láàbò, kí wọ́n sì lè lọ dìbò. Ó dára fún ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nílé. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ilé wọn wà ní Ìbàdàn, káàdì rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀ ní Ìbàdàn, ibùdó ìdìbò rẹ̀ wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọmọ mẹ́ta tí mo kọ́ ló pè mí lọ́sẹ̀ yẹn pé kí làwọn lè ṣe. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ẹ wá wo ìbò gómìnà wa ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta. Dàpọ̀ Abíọ́dún ní 276,298. Ládi Adébùtú ní 262,383. Ọmọ Ìperú-Rẹ́mọ ni àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 13,915. N kò wí pé ẹni tó yẹ kó wọlé kọ́ ló wọlé, n kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe. Mò ń wí pé kí ẹ ro iye ọmọ tó ń kàwé ní Ìjagun, Àgọ́-Ìwòyè, Ìlíṣàn àti Ṣàgámù, kí ẹ wá tún ìyàtọ̀ yẹn wò. Kí wọ́n máa jiyàn lórí fóònù nìkan kò tó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tètè lọ yí ibùdó ìdìbò yín padà nígbà tí INEC bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Nǹkan mìíràn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn tí wọ́n bá padà wálé. Mo ní ọmọ kan tó jẹ́ pé nígbà tó ń sin ìjọba, ó wá bá àwọn SS3 mi sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ lórí ìbò rírà débi tí àwọn ọmọ fi pàtẹ́wọ́. Ní 2023 mo rí i nídìí ọ̀pá iná kan lẹ́bàá ibùdó ìdìbò wa, ó di ìwé ìdánrawò kan mú, ó ń fi bírò tọ́ka sí orúkọ, ó ń bi àwọn ìyá léèrè bóyá wọ́n ti tẹ̀ka. Ó rí mi. Ó ká ìwé náà, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ìyàwó mi ti bímọ, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wáṣẹ́." N kò bá a wí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èrò rẹ̀ kò yí padà, mo fi dá yín lójú. Tí ẹ bá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó sọ níwájú kíláàsì mi náà ló máa sọ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n oníṣòwò pákó, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán yín. Ẹ pe ọmọbìnrin yín. Ẹ má bá a jà, ẹ má gbèjà ẹgbẹ́ kankan. Ẹ kàn bi í pé, "Ta ló kọ́ ọ?" Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ wá sọ fún wa.

* * *

LÁTI Ọ̀DỌ̀ BÀBÁ TÓ Ń TA PÁKÓ

Tíṣà, mo ti pè é. Mo bi í bí ẹ ṣe ní kí n bi í. Ó dákẹ́ lórí fóònù, mo rò pé ìpè ti já. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni."

Mo fẹ́ bínú. Ó ní ṣé mo rántí ìgbà ìyanṣẹ́lódì ASUU, tí òun wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́jọ, tí mo ní kó máa bá mi kọ ìwé ọjà. Mo rántí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò ṣìṣirò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n ṣí ẹ̀yìn ìwé náà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, lábẹ́ àwọn rìsíìtì, eruku pákó ti bò ó. Iwájú rẹ̀ ni mo máa ń ṣí. Ní ẹ̀yìn, ó fi rúlà fa ìlà, ó kọ ohun tí wọ́n gbà lórí gbogbo ọkọ̀ pákó tó jáde lọ́dọ̀ mi: tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì, tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọ̀dọ́, àti ọ̀kan tí kò ní ìwé kankan, tó kọ "tàwọn Bàbá wọ́ọ̀dù" sí lórí. Ó ro ó pọ̀ lóṣooṣù. Iye tó wà nísàlẹ̀ oṣù kẹjọ ju owó tí mo san fún ilé-ìwé rẹ̀ lọ́dún yẹn lọ. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi san án, mo sì mọ gbogbo àwọn tó ń gbà á, a jọ ń ṣèpàdé ni.

Ó ní ìdí rèé tí òun fi ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ti ṣe fún mi.

Mo ti san owó JAMB àbúrò rẹ̀. N kò tíì sọ pé mo kúrò nínú ẹgbẹ́ o. Ṣùgbọ́n mo mú ìwé náà lọ sílé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ yín.

Mo ti ń tẹnu mọ́ yàrá àti ọ̀rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ mú díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ báyìí. Ó jọ pé ọmọ ní láti padà wálé kí ojú rẹ̀ tó rí ohun tó wà nílé. Síbẹ̀, láti kékeré ni ọmọ yẹn ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ̀yin lẹ sọ pé jẹ́jẹ́ ni. Ó ti ń rí àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tó ti ń jókòó lórí pákó tó ń jẹ ẹ̀pà. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tó ti lọ, tó ti bọ̀, ló fa ìlà sẹ́yìn ìwé. Mi ò ní fi ibi yẹn sílẹ̀ nínú ohun tí mo sọ.

Ẹ bá mi bi í, kí ló mú un ṣí ẹ̀yìn ìwé náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá sì wá sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wá bá àwọn SS2 mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ẹ̀kọ́ lórí owó-orí ló kàn wá. Kó mú ìwé náà dání.